Tọ́tíyà Nikté

Ìyá Nikté taari ilẹ̀kùn jẹ́lé-ó-sinmi wọlé, owú ń ta á bí ata. Láàárọ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ tún kọ tọ́tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, tó ṣe fún un: "Ó nípọn jù. Tíṣà mi ní kó fẹ́lẹ́." Ojoojúmọ́ ni Tíṣà ní, Tíṣà ní, bí ẹni pé Tíṣà ló bí i!

Tíṣà jókòó sáàárín àwọn ọmọdé, wọ́n ń fọwọ́ gbá àgbàdo lílọ̀ pẹlẹbẹ.

"Ṣé ẹ̀yin ni Tíṣà?"

Tíṣà lejú. "Ṣé ẹ̀yin sì ni 'Màmá mi ní'? Ẹ kúkú wá gba kíláàsì yìí! Bí mo bá ti fọwọ́ kan àgbàdo, Nikté á ní, 'Màmá mi kì í ṣe é bẹ́ẹ̀.'"

Àwọn méjèèjì yíjú sí Nikté. Ọmọ náà ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyá bàbá mi ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú ẹ̀yin méjèèjì."