Ohùn Victoria Nínú Fíìmù Kọnfú

Dàmọ́lá kò rántí ohùn ìyá rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí Victoria kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Nukafu, nílé tí wọ́n ti ń sọ Faransé ju Yorùbá lọ, tí wọn kì í sì í pe ọmọ lóríkì. Fọ́tò ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Fọ́tò kì í sọ̀rọ̀.

Àjọkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Kpogan, ló pè é lórí fóònù. Ojú màmá yìí ò ríran mọ́, etí rẹ̀ ló kù.

"Ọmọ mi, ohùn ìyá rẹ wà nínú fíìmù kọnfú kan, èyí tí bàbá arúgbó ti ń fi agboòrùn jà. Ilé fídíò yín ní Nukafu níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi í hàn láyé ọjọ́un. Bá mi wá a. Jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

Dàmọ́lá mọ̀ pé Ìbàdàn nìyá òun ti kàwé, Gẹ̀ẹ́sì sì dá ṣáṣá lẹ́nu rẹ̀. Fíìmù àwọn Ṣáínà ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ ti yé e nìyẹn: ìyá òun wà lára àwọn tó sọ Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ilé fídíò ti wó tipẹ́. Ẹrù ibẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ Ràímì, tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní Adawlato. Ó rí kásẹ́ẹ̀tì náà, àmọ́ ó ti bu.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ṣiṣẹ́ o," Ràímì ní.

Lóòótọ́, ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó já. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti wọ kọ̀ǹpútà.

Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ò pé. Bó bá lọ díẹ̀, ohùn obìnrin kan á bò ó mọ́lẹ̀, á máa fi Yorùbá ròyìn ìjà: "Yéè! Ó ti gbá a létí! Ẹ̀yin ará, ẹ wo agboòrùn!" Níbì kan, ó tiẹ̀ gbàgbé ìjà, ó ń bá ọmọ kan wí: "Àjàní, fi wáyà yẹn sílẹ̀! Wá jókòó tì mí. Ọkọ mi, o ò ní pa mí o."

"Ta tún nìyí?" Dàmọ́lá bi í.

"Àwọn tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbà á sí i fún. Ibi tó bá ti sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Kò ṣeé rí mọ́."

Inú bí Dàmọ́lá. Ìyá ẹni ń sọ̀rọ̀, aláròyé kan wá lọ jókòó lé e lórí!

"Yọ ọ́ kúrò. Gbogbo rẹ̀."

"Ó mà dùn-ún gbọ́ o. Ṣé kí n tọ́jú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

"Kí ni n ó fi ṣe? Pa á rẹ́, jọ̀ọ́."

Ràímì pa á rẹ́.

Obìnrin méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́kù, ìyá olóúnjẹ kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Dàmọ́lá gbọ́ wọn ní àgbọ́túngbọ́. Nígbà tó yá, ọkàn rẹ̀ fà mọ́ ọmọbìnrin yẹn. Ó sunkún. Ó ń pè é ní màmá mi.

Ó gba ohùn náà sórí fóònù rẹ̀, ó gbé e lọ sí Kpogan. Àjọkẹ́ ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ́tí. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ àwọn ibi tó dákẹ́, ó tún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ wá fóònù lórí itan Dàmọ́lá.

"Ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó ti parí, Tàǹtí. Ẹ ò gbọ́ ọmọbìnrin yẹn ni?"

"Òyìnbó nìyẹn, ọmọ mi," ni Àjọkẹ́ wí. "Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi Yorùbá ròyìn ìjà fún wa ni mò ń retí, níbi tó ti ń pariwo mọ́ ọ pé kí o fi wáyà sílẹ̀, ìwọ Àjàní rẹ̀."