Omi Ti Wọ Ilé Ìkàwé

Àgbàrá ti já ilẹ̀kùn ilé ìkàwé wa, èmi nìkan ni mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo fi fóònù pe ìyá tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní kí wọ́n máa tọ́ àwa tuntun sọ́nà.

"Mà, ẹ gbà mí. Omi ti fẹ́ bo àwọn ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

"Mi ò lè wá. Kọ́kọ́ pa iná."

Mo pa á.

"Pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Má ti òkè bẹ̀rẹ̀ o. Èyí tó bá ti rin, má ṣí i, á ya mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Mò ń kó, mò ń sunkún. Omi ti dé orúnkún mi.

"Ó ti rẹ̀ mí, mà."

"Ọmọ mi, má dúró."

Nígbà tí mo kó èyí tó kẹ́yìn sórí tábìlì gíga, mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?"



"Láàárọ̀ yìí ni omi wọ ilé ìkàwé tèmi. Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan ò kù."

"Ibo lẹ wà báyìí, mà?"

"Inú omi náà ni mo ṣì wà."