Ère Irin tí Fádáre Ń Jó

Ìbínú ni Fádáre wẹ́dà fi ń jó irin lẹ́bàá títì Orè.

Àlòkù irin mọ́tò ló fi ń ṣe ère ènìyàn, ó sì ga tó géńdé ọkùnrin.

Ìyàwó rẹ̀ gbé kóòtù wá, wọ́n sì jọ wọ̀ ọ́ fún ère náà.

Kátíkíìsì tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Omifunfun fajú ro.

"Bàbá, ẹ̀yin onígbàgbọ́ ń ṣe òrìṣà? Ẹ wó o dànù!"

Fádáre sọ òòlù mọ́lẹ̀.

"Òrìṣà kẹ̀? Àwọn ṣọ́jà yìnbọn pa Victor, ọmọ mi, níbi ìwọ́de ọ̀wọ́n oúnjẹ. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ, wọn ò dá a padà. Kí lẹ fẹ́ kí n sin?"



Kátíkíìsì gbá ẹsẹ̀ ère náà mú, wọ́n sì jọ tẹ́ ẹ sínú pósí tí Fádáre ti gbé kalẹ̀ dè é.