Ọmọkùnrin Okayama Tó Lu Òǹtẹ̀ Bàbá Rẹ̀ Nítorí Irun Òkè Ojú

Nígbà ìkórè ìrẹsì ọdún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá àgbà ọmọ náà gan-an. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ o. Torí ìparí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

1.

Kiyotaka Nanba, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń gbé ní ìlú Okayama, ní Japan níbí. Láti kékeré ló ti ń sọ pé awakọ̀ ojú irin lòun máa jẹ́. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan sì wà tó máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ́dún láti ilé ìwé wọn, ẹni tí ilé ìwé bá fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Lọ́dún yẹn, orúkọ Kiyotaka ni wọ́n fà kalẹ̀. Ìdánwò di oṣù kẹsàn-án.

Ohun kan ló ń dà á láàmú. Irun òkè ojú rẹ̀ ki, ó sì so pọ̀ láàárín.

"Kiyo, kòkòrò onírun méjì ti dira wọn mú lójú ẹ o!" Ryohei, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló máa ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Panu mọ́ jàre, elétí bí abẹ̀bẹ̀!"

Kò lè fá a, torí ilé ìwé kà á léèwọ̀. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, Tíṣà Kuwabara á dúró lẹ́nu géètì, á máa yẹ ojú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí abẹ bá ti kan irun òkè ojú ẹnikẹ́ni, ilé ìwé á fa orúkọ rẹ̀ yọ.

Ryohei ló mú ìmọ̀ràn wá. "Abẹ ló ń fi àmì sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi iná lésà yọ ọ́, tí kò ní hù mọ́ láéláé, kí ni Tíṣà fẹ́ rí? Á rò pé bí wọ́n ṣe bí ẹ nìyẹn ni."

2.

Nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, bàbá ò tiẹ̀ kọ̀. Ó ní, "Lẹ́yìn ìdánwò, màá mú ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Àárín tó so pọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n á yọ."

"Bàbá, wọ́n á ti ya fọ́tò ìwé ìwáṣẹ́ nígbà yẹn!"

"Ṣé irun ojú ló ń wa ọkọ̀ ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà tó dáa wà nílẹ̀? Sùúrù oṣù mélòó kan péré ni.

Kiyotaka rí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń fi lésà yọ irun lórí fóònù, lókè ilé ìtàjà bàtà, nítòsí ibùdókọ̀. Kò sí dókítà níbẹ̀. Ìwé ìyọ̀nda òbí, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìdílé sí dípò ìbuwọ́lù, ni wọ́n ń béèrè. Nílé wọn, bíi ti gbogbo wa, òǹtẹ̀ kékeré náà wà nínú dúróà ẹnu ọ̀nà, tọmọdé tàgbà ló sì ń fi í gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn agbẹ́rù. Ó mú un, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú ìwé náà, ó lu òǹtẹ̀ sí i.

Ìyá àgbà yọjú. "Kí lò ń lu òǹtẹ̀ sí?"

"Ẹrù ni wọ́n gbé wá, Màmá àgbà."

"Ẹrù dà?"

"Wọ́n ti gbé e padà. Ti ẹlòmíì ni."

3.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shidara ló di ẹ̀rọ náà mú. Ó fi awò dúdú bo ojú Kiyotaka, ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Tá. Tá. Òórùn irun tó jó gba yàrá kan. Àárín mọ́ tónítóní.

"Ó tán," Shidara wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ kó rí tẹ́ẹ́rẹ́."

"Awò ló bo ibẹ̀. Mi ò lè dé ibẹ̀."

"Ẹ sún un díẹ̀. Màá dijú."

"Kò dáa o."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni fọ́tò mi!"

Shidara mí kanlẹ̀. Ó sún awò náà.

Tá. Tá. Ojú òsì parí. Ó kan ọ̀tún. Omijé ń yọ lójú rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì là díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń yọjú wo ìta. Tá! Ìmọ́lẹ̀ funfun kan bẹ́ sínú ojú rẹ̀. Nígbà tó dìde, ihò dúdú kan wà láàárín gbogbo ohun tó bá fi ojú ọ̀tún wò.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Shidara bi í.

"Kò sí."

4.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, irun tó jó ti gbọ̀n dànù. Tíṣà Kuwabara gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú lẹ́nu géètì, ó wò ó sókè, ó wò ó sísàlẹ̀. "Nanba, ojú ẹ mọ́ lónìí. Kọjá."

Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ti borí.

Ṣùgbọ́n ihò dúdú náà kò lọ. Bó bá sọ fún bàbá, ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ á jáde. Ó dákẹ́ ní oṣù keje, ó dákẹ́ ní oṣù kẹjọ.

5.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Dókítà ilé iṣẹ́ náà fi nǹkan bo ojú òsì rẹ̀, ó ní kó wo àwọn òrùka tó lanu lára ògiri, kó sọ ibi tí ẹnu wọn kọjú sí.

"Ìsàlẹ̀," Kiyotaka yára dáhùn.



"Ọmọ mi," dókítà wí jẹ́ẹ́, "mi ò tíì nawọ́ sí ìkankan."

Nílé ìwòsàn ojú, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ojú náà ti jinná, ó ti di àpá. Wọ́n ò lè ṣèlérí pé àwọn ìbá wò ó sàn ká ní ó tètè wá, ṣùgbọ́n àwọn ìbá gbìyànjú. Bàbá lọ sí ìsọ̀ náà lọ bá wọn jà. Wọ́n gbé ìwé ìyọ̀nda síwájú rẹ̀. Ó gbé e wálé.

"Kiyotaka, ṣé èmi ni mo lu èyí?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá ò lù ú, kò bú u. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbé ojú yín fún ẹni tí kì í ṣe dókítà nítorí ẹwà. Bí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè sọ. Ìbínú bàbá kì í fọ́ni lójú. Ẹ̀yin òbí, ẹ tọ́jú òǹtẹ̀ yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ilé tó bá ní ọmọkùnrin tó ń pẹ́ níwájú dígí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tó sọnù nìyí: ojú kan, iṣẹ́ kan, àti àyè tí ilé iṣẹ́ náà kò tún fún ilé ìwé wọn mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, torí pé ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ kùnà nínú ìdánwò.