Bọ́tìnnì Pupa

"Gbé ohùn fèrè mi sókè!" Ìgbà kẹjọ rèé tí afunfèrè ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀.

Saksofóònù rẹ̀ tutù bí omi àmù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agborinsílẹ̀ ti po ìlù kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó ti bu gìtá àti agogo ilẹ̀ òkèèrè sí i, orin náà sì ti jinná.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá tún gbé e sókè, á bo ìyókù mọ́lẹ̀."

"Kó bò ó! Ta ló fẹnu fun ún, èmi àbí kọ̀ǹpútà?"

Agborinsílẹ̀ mí kanlẹ̀, ó nawọ́ sí bọ́tìnnì pupa ńlá kan lórí tábìlì. Torí irú oníbàárà báyìí ló ṣe lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kò so mọ́ nǹkan kan. Ó rọra yí i, ó dijú, ó mirí bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ojú afunfèrè tàn. "Hẹn-ẹn! Ìsinsìnyí ni mo tó gbọ́ ara mi!" Ó gbé àpótí fèrè rẹ̀, ó fijó jáde.

Ìyàwó afunfèrè, tó ti jókòó sí ẹ̀yìn wọn láti àárọ̀, dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, kò rí wáyà kankan.

"Àbúrò mi," ó rọra béèrè, "níbo ni wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì yìí? Mo fẹ́ ọ̀kan sílé."