Ẹni Tó Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀

Obìnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe náà ki okùn ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Láàárọ̀ yẹn ni ọkọ̀ kan kọ lu ti ọkọ rẹ̀, láti ìgbà náà ni iná pupa àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá ò ti kú mọ́.

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ọkọ̀?"

"Èmi nìkan ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn láìwò ó lójú.

Ẹ̀rọ náà gbé e sójú: nígbà tí wọ́n kọ lura, bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ fún mọ́ ènìyàn. Ó tún un yẹ̀ wò, ohun kan náà ló sọ. Gbogbo Sátidé tí ọkọ rẹ̀ ń ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun, àṣé ọ̀dọ̀ obìnrin ló ń lọ!

"Bàbá Ìbejì, obìnrin wo lẹ gbé?"

"Ìyá Ìbejì, fara balẹ̀."

"Mi ò fara balẹ̀! Ṣé ó rẹwà jù mí lọ ni?"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ó jọ ọ́ gan-an. Ìyá rẹ ni."

Ọdún mẹ́jọ rèé tí ìyá rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ nítorí ìgbéyàwó yìí.

"Wọn ò fara pa. Sátidé gbogbo ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n. Òní ni wọ́n gbà láti bá mi wá. Wọ́n wà lẹ́nu géètì, ẹ̀rù rẹ ló ń bà wọ́n."

Ó sáré jáde. Ìyá arúgbó náà ti kẹ̀yìn sí géètì, ó ti ń rọra lọ.

"Màámi!"