Abiyamọ Inú Ìwé Morádéyọ̀

Morádéyọ̀ ta máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kó tó rówó tẹ ìwé rẹ̀ ní Akute.

Páálí ìwé ti dé. Ìyá Àgbà ní kó kà á sí àwọn létí.

Ó kúnlẹ̀, ó ń kà á: ìyàwó kan gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní sítéṣọ̀n rélùwéè Ìfọ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Àgbà pòṣé. "Irú abiyamọ wo nìyẹn? Ojú ò tì í!"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣé ìwọ lo gbé e sílẹ̀ ni? Òǹkọ̀wé mi, máa kà á lọ jàre."

Omijé Morádéyọ̀ bọ́ sórí ìwé.

Kí ogbó tó mú Ìyá Àgbà máa gbàgbé nǹkan, àwọn fúnra wọn ló sọ ìtàn ara wọn yìí fún Morádéyọ̀. "Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ o."

Morádéyọ̀ dúró títí wọ́n fi gbàgbé, kó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.